Ẹ sọ ọ́ fún wa ká tó kúrò níbẹ̀: ọ̀rọ̀ egbò abẹ́ POP

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Òórùn kan ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, já bọ́ láti orí igi máńgòrò, eegun méjèèjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Ilé ìwòsàn la gbà lọ tààrà. Wọ́n ya àwòrán eegun, wọ́n tò ó, wọ́n fi POP, ìyẹn báńdéèjì oníẹfun tó máa ń le gbagidi tó bá gbẹ, dì í láti òkè ìgúnpá títí dé ìdí ìka. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ká má sì jẹ́ kí omi kàn án. Ó parí síbẹ̀. Mo dúpẹ́, a lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ẹni tó bá ti gbé POP rí mọ ohun tí mò ń sọ: òógùn kò ríbi gbà jáde, awọ tó ti gbó kò ríbi ṣí, oru ilẹ̀ wa náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ ń sunkún lóru. Èmi gbé pawúdà, mo dà á sí ẹnu POP, mo rò pé mo ń ràn án lọ́wọ́, àṣé ṣe ni pawúdà àti òógùn ń di ẹrẹ̀ mọ́ ọn lára. Òun náà, tí mi ò bá sí nílé, á ki bírò bọ abẹ́ rẹ̀ láti ìdí ìka, á máa fi họ ara. Lọ́jọ́ kan, ìdérí bírò já sínú. Ẹ̀rù bà á, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́rin, ó ní ibì kan ń ta òun bí iná nítòsí ọrùn ọwọ́. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní kò dun òun mọ́. Inú mi dùn! Ibi tí mo ti ṣìnà jù nìyẹn. Dókítà ló ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí nǹkan bá ń tẹ awọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ POP, ẹ̀jẹ̀ kì í ráyè dé ibẹ̀. Á kọ́kọ́ máa dun èèyàn, ṣùgbọ́n tí awọ náà bá kú tán, kò ní dùn ún mọ́. Òórùn ló tú àṣírí, àti àbàwọ́n kan bí epo tó yọ láti inú wá sára POP, tí eṣinṣin ń bà lé.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì ó lé kí ọjọ́ àdéhùn pé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ká ní sùúrù, kí eegun má baà yẹ̀. Aládùúgbò kan ní ká ro sípíríìtì sí i. Mo gbé ọmọ mi lọ sílé ìwòsàn ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Egbò tí wọ́n bá lábẹ́ ìdérí bírò náà fẹ̀ tó àtàǹpàkò mi, ó ti ń ṣe ọyún. Wọ́n fi omi oníyọ̀ tiwọn fọ̀ ọ́, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Wọn kò tú POP náà ká o: fèrèsé kékeré ni wọ́n gé sí i lára, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà tọ́jú egbò lọ́jọ́ mẹ́ta-mẹ́ta. Tí wọ́n bá ṣe é tán, wọ́n á dá ègé tí wọ́n gé padà sí àyè rẹ̀, wọ́n á fi báńdéèjì dì í, torí bí fèrèsé bá wà ní ṣíṣí, ẹran ara á wú yọ níbẹ̀, etí POP á tún gé e.

Olóòtú, ohun tó ń dùn mí rèé. Gbogbo àlàyé tí dókítà ṣe fún mi kò gbà ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Kí ló dé tí a kò gbọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Mo rí èrò tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì méjì péré ló ń sáré káàkiri, mi ò lè ní wọn kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó lé wa lọ́wọ́, ọjọ́ àdéhùn àti nọ́ńbà káàdì nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí. Ó tó bí ọjọ́ 2 kí POP tó gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá fi ìka dì í mú kó tó gbẹ, ibẹ̀ á tẹ̀ wọnú, á sì máa gún awọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi gbé e. Tó bá ń yún ọmọ, ẹ lu POP jẹ́jẹ́ láti ìta, ẹ fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i, ẹ gbé ọwọ́ náà lé ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́, ẹ má da ohunkóhun sí i. Òórùn, ibà, àbàwọ́n, tàbí ojú kan tó ń ta bí iná: ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Tí ìka bá wá tutù, tó funfun tàbí tó dúdú, tó kú tipiri, tàbí tí ọmọ ń ké tí ẹnì kan bá na ìka rẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ó ti fún jù nìyẹn, ọwọ́ lè bá a lọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn a-to-eegun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín náà, torí ọparun tí wọ́n dì mọ́ ọwọ́ lè fún jù bákan náà.

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá gàdàgbà sórí páálí, mo gbé e fún nọ́ọ̀sì àgbà pé kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá tí wọ́n ti ń di POP. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní àwọn yóò fi han ọ̀gá àwọn. Nígbà tí a lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ògiri náà ṣì ṣófo.

Èmi ni tiyín,
Ìyá ọmọ kan, Ìbàdàn.