Ògiri Ẹ̀yìn Ìlẹ̀kùn Ìyá Àgbà

Àníkẹ́ mi,

Àsàlámù àlékùm. Ìwé tí o kọ nípa Ìyá Àgbà, tí o ní ká bá ọ tẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣe fídáù, ti dé ọwọ́ mi. Mo kà á, mo tún un kà, mo wá pe ìyá rẹ, mo ní, "Wá bá mi wò ó, òkú ta lọmọ yìí ń ròyìn?" O ní ó lo 100 ọdún láyé. O ní kò bínú rí, kò sì bá ẹnikẹ́ni tahùn sí ara wọn rí. Ìyá tó bí mi kọ́ nìyẹn o. Àbí o ti gbàgbé ọjọ́ tó fi ọmọrogùn lé ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ kúrò nídìí amọ̀?

Ká ti orí ọdún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, ohun tó máa ń sọ fún wa la ó fi ṣírò. Ó ní nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa yìí sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1967, tí wọn ò tíì sọ ọ́ ní Kwara, ẹ̀gbọ́n mi ló wà lẹ́yìn òun, ọmọ kẹta sì nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí gbogbo mọ́tò Nàìjíríà kúrò lápá òsì bọ́ sápá ọ̀tún títì, oyún mi ló wà nínú rẹ̀. Ó ní òun ò wọ mọ́tò o, orí ló fi ru ìkòkò dé Ọjà Ọba fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí náírà dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973, mo ti ń jókòó. (Títí tó fi kú, ṣílè kan ni kọ́bọ̀ mẹ́wàá ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀.) Kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ó lé ní 80 dáadáa, kò dé 100. Èyí tí Ọlọ́hun fún un tó, má bá Ọlọ́hun bù sí i.

Ti ìbínú ńkọ́? Òun àti orogún rẹ̀ jà lórí igi tí wọ́n fẹ́ fi sun ìkòkò, wọn ò sì kí ara wọn fún òjò méjì. Ṣùgbọ́n tí ara ìyá yẹn ò bá yá, Ìyá Àgbà á bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú abọ́, á ní, "Ẹ gbé e fún ìyá yín yẹn, ẹ má sọ pé èmi ni o." Bí ẹni pé onítọ̀hún ò mọ ọwọ́ tó ro ẹ̀kọ náà! Kọ èyí. Kọ ìjà náà mọ́ ọn.

Iṣẹ́ rẹ̀ lo wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kádìí: oníṣòwò. Amọ̀kòkò ni, ní Dada, l'Òkelele, n'Ílọrin. Á da ògbólógbòó ìkòkò dé, á tẹ́ amọ̀ tó ti gún kúnná lé ìdí rẹ̀, á máa gbá a pẹlẹbẹ, kó tó wá dojú rẹ̀ sókè láti mọ ọrùn lé e. Ìdí ọrùn yẹn ni mo máa ń dúró sí. Kò sí nǹkan tó ń bá a yí ìkòkò, òun ló ń yí i po, á bẹ̀rẹ̀, á máa fi ẹ̀yìn rìn, ìka tútù méjì lẹ́nu ìkòkò, títí ẹnu náà á fi rí róbótó. Tí wọ́n bá sun ún tán, tó ṣì pọ́n bí ẹyin iná, wọ́n á da omi èèpo irúgbá sí i: ṣàà! Àwọ̀ rẹ̀ á yí padà lójú ẹ. Òórùn omi yẹn ò kúrò lára ìró rẹ̀ títí dọjọ́ tí wọ́n wẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé. O ní o ti sanwó fún pẹ́ńtà tó máa kun yàrá rẹ̀ kí àlejò tó dé. O ṣeun. Ṣùgbọ́n àwọn ìlà èédú ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn tí o pè ní ìdọ̀tí, ìwé gbèsè rẹ̀ ni. Ìlà gígùn ni àmù, kúkúrú ni ìsaasùn, èyí tó dà bí ẹsẹ̀ ẹyẹ ni oníbàárà rẹ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́. Tí wọ́n bá san án, á tutọ́ síka, á nù ún kúrò. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ti àwọn tí òun alára jẹ lówó. Mẹ́rin ni mo kà. Ààfáà sì ti sọ fún wa pé gbèsè òkú ṣáájú ogún pípín. Lójú tèmi, ó ṣáájú aṣọ ẹbí náà. Nítorí náà, owó aṣọ tí o fẹ́ fi ránṣẹ́ yẹn, fà á sẹ́yìn ná.

Mo ti ní kí pẹ́ńtà dúró lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ìyá tí wọ́n jọ ń mọ ìkòkò wá lánàá, ó mọ ẹni tó ni mẹ́ta: ẹni tó ń wa amọ̀ fún un, àti àwọn méjì tó ń ta igi. Ìkẹrin ò yé e. Ìwọ lo máa ń jókòó tì í jù nígbà ìsinmi. Tí o bá dé lọ́jọ́ Àlàmísì, kó o tó tú ẹrù, wá bá mi wò ó.

Bàbá rẹ