Ẹ̀ẹ̀mẹta kò tíì tó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohun tí o sọ lálẹ́ àná, pé o ò lọ sọ́dọ̀ olùgbaninímọ̀ràn yẹn mọ́, pé ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti lọ, kò sì sí ìyàtọ̀. Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀, ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí olùkọ́ rẹ ní ká mú ọ lọ rí oníṣègùn ọpọlọ, inú bí mi. Lójú tèmi, ẹni tó ti wọ ọjà nìkan ni wọ́n ń mú lọ síbẹ̀. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé wọn á ní mi ò tọ́ ọ dáadáa. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ń pè ọ́ ní ọ̀lẹ nítorí pé o kì í fẹ́ dìde lórí ibùsùn. Oṣù mẹ́rin yẹn ṣì ń dùn mí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì kan nínú 7 ló ní àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Èmi ò mọ̀. Ìbínú ni mo mọ̀.

Ìtọ́jú tó jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ yìí sábà máa ń gba ìpàdé 6 sí 20. Oògùn rẹ náà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ara tó mọ̀ ọ́n. Má dá a dúró fúnra rẹ. Bí ó bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, dókítà ni kí o sọ fún. Bí ọkàn rẹ ò bá sì bá ti olùgbaninímọ̀ràn yẹn mu, a ó bèèrè ẹlòmíràn.

Ó dùn mí nígbà tí wọ́n ní kí n dúró síta tí o bá ń bá olùgbaninímọ̀ràn sọ̀rọ̀. Èmi tí mo bí ọ! Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ ò lè sọ lójú ìyá rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ nínú jù. Wọ́n ní àṣírí rẹ ni ohun tí o bá sọ níbẹ̀, àfi bí ewu bá wà fún ẹ̀mí rẹ tàbí ti ẹlòmíràn. Mo gbà. Mi ò ní máa wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ nínú mọ́tò mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́: bí èrò ikú bá wá sí ọ lọ́kàn, má dúró de ọjọ́ ìpàdé. Jí mi, ì báà jẹ́ òru ọ̀gànjọ́. Mi ò ní pariwo.

Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, èmi ni màá gbé ọ lọ. Màá jókòó síta.

Ìyá rẹ