Lẹ́tà sí Bọ̀ọ̀dá mi, lórí ọ̀rọ̀ ọmọrí rédíètọ̀

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Abẹ́ mọ́tò ni mo wà láàárọ̀ yìí nígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ yín wọlé. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àpò sìmẹ́ǹtì ní àgbàlá wa ní Ìjọ̀kà, omi rédíètọ̀ ń dà sínú bàsíà lẹ́bàá etí mi. Ẹ ní, "Ta mọ́tò yẹn fún àwọn onírin àlòkù kó tó di ilé eku." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo dojú fóònù dé, mo padà sídìí ohun tí mò ń ṣe.

Kò tíì di ilé eku. Láti ìgbà tí a ti sin Bàbá, kò sí Sátidé kan tí mi ò ṣíná Corolla wọn kí bátìrì má baà kú. Inú rédíètọ̀ ni mi ò wò. Mo ti rò pé kúláǹtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa mú ẹ́ńjìnnì tutù, ló wà níbẹ̀. Omi kànga ni! Ẹ ṣáà mọ Bàbá. Wọ́n á ní omi tí ènìyàn ń mu, kí ló dé tí mọ́tò ò ní mu ún? Bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú omi ilẹ̀ ló máa ń lẹ̀ mọ́ inú irin, bó ṣe ń dì mọ́ ìdí kẹ́túrù, irin náà á sì máa dógùn-ún láti inú wá. Ohun tó jáde lónìí pọ́n bí omi Ọ̀wẹnà nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọrí yẹn ti dé sí mi lọ́kàn, kò sì lọ mọ́.

Ẹ má bi mí pé ọmọrí wo.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí, ẹ̀yin ti pé méjìlá. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá ní kùtùkùtù pé àìsàn Ìyá Oǹdó ti le, kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Píjò 504 láti bu omi sí i bí ìṣe wọn, wọn ò rí ọmọrí rédíètọ̀. A wá a lábẹ́ mọ́tò, a wá a nínú koríko, a wá a dé inú ilé adìyẹ. Níkẹyìn wọ́n fi ọ̀rá àti àkísà di ẹnu rédíètọ̀, wọ́n fi okùn yí i ká, a gbéra.

A kọjá Àpọnmu, kò sí nǹkan kan. Ọ̀wẹnà ló ti hó. Mo ṣì ń rí èéfín funfun tó bo gíláàsì iwájú, mo ṣì ń gbọ́ ohùn Bàbá pé, "Ẹ bọ́ sílẹ̀!" Èmi àti ẹ̀yin la gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sódò, ẹ̀ẹ̀marùn-ún la lọ tí a bọ̀, omi pupa yẹn là ń rọ sí i. Ó fa ara rẹ̀ dé Bọ́lọ́rundúró, gásíkẹ́ẹ̀tì lọ. Kí a tó rí ọkọ̀ tó gbé wa wọ Oǹdó, wọ́n ti fi aṣọ bo Ìyá lójú.

Bàbá ò sọ nǹkan kan títí a fi sin Ìyá tán. Ọjọ́ tí a padà dé Àkúrẹ́ ni wọ́n mú bẹ́líìtì fáànù tó máa ń rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi ni wọ́n nà. Kò sẹ́ni tó bi yín ní ohunkóhun.

Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ní mọ́tò alágolo nígbà yẹn, èyí tí ẹ fi agolo mílíìkì kàn, tí ẹ ń fi igi gígùn tù kiri àdúgbò. Mo rí ọmọrí náà lórí igi yẹn, ẹ fi ṣe sítíárì. Mo rí i. Ṣùgbọ́n lóru nígbà míì, mo tún máa ń rántí bó ṣe wúwo nínú àpò aṣọ iléèwé mi, bó ṣe tutù mọ́ mi nítan. Èwo nínú méjèèjì ló ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ ọ́, ẹ ò sì sọ ọ́ láti ọdún 1995.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, mo rò pé kí omi má baà dà nù ni ọmọrí náà wà fún. Ìgbà tí mo lọ ra tuntun fún Corolla ni mo rí 1.1 tí wọ́n kọ sí i lórí, mo bi ọmọkùnrin tó ń tà á. Ó ní bó ṣe ń tẹ omi mọ́lẹ̀ tó nìyẹn. Omi tí nǹkan kan ò tẹ̀ mọ́lẹ̀ á hó tó bá ti gbóná dé 100. Tí ọmọrí yìí bá tẹ̀ ẹ́, á tó nǹkan bíi 120 kó tó hó. Sípíríǹgì kékeré kan ló ń ṣe gbogbo ìyẹn. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo ń yí i lọ́wọ́, ọmọ náà rò pé owó ni mo fẹ́ ná, ó sì dín in fún mi. Ohun tí kò kún àtẹ́lẹwọ́! Ká ní ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá ì bá bá ìyá wọn láàyè. Tàbí mọ́tò yẹn ti fẹ́ kọṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ta ló mọ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún yín lórí fóònù rí nìyí. Nínú oṣù tó gbẹ̀yìn Bàbá, mò ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù wọ́n lára lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pe orúkọ mi. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo mú ọmọrí ijọ́sí?" Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún! Mo ní, "Èmi ni, Bàbá. Ẹ má bínú." Wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n bu omi fún àwọn. Mo bu ú, wọ́n mu ún, ó parí síbẹ̀.

Ta ni mo ṣe é fún? Ẹ̀yin ni mo gbà sílẹ̀ ni, àbí ara mi? Mi ò ní purọ́ mọ́ yín, ẹ gbìyànjú. Kò sí oṣù tí owó oògùn ò wọlé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń fi yín ṣe àpẹẹrẹ. Owó kọ́ ni mò ń wí.

Ẹ jẹ́ n sọ ti mọ́tò tán. Nọ́ọ̀tì oníke tó wà nísàlẹ̀ rédíètọ̀ ló bà mí lẹ́rù jù, nítorí ike tó ti gbó kì í gba agbára. Mo rọra yí i bí ẹni ń bọ́ yẹtí létí ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn tí omi àkọ́kọ́ dà tán, mo rọ omi mímọ́ sí i, mo ṣí híta sí ibi tó gbóná jù kí omi lè dé ibẹ̀ náà, mo ṣíná rẹ̀ títí ó fi gbóná, mo pa á, mo dúró kó tutù pátápátá, mo tún tú u dànù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó mọ́. Kúláǹtì pupa ni mo rà, mo pò ó ní ìdajì ìdajì mọ́ omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba òógùn rẹ̀. Ohun kan náà tí ẹ̀yin ń lò ní Kánádà kí omi mọ́tò má baà di yìnyín ni àwa ń lò kó má baà hó. Ewúrẹ́ aládùúgbò wá lá èyí tó ta sílẹ̀, mo fi bàtà lé e, mo bomi fọ ojú ibẹ̀. Ó dùn lẹ́nu, májèlé sì ni.

Ẹ ò tilẹ̀ bi mí ohun tí mo fẹ́ fi mọ́tò ṣe. Láti oṣù kìíní ni wọ́n ti gbé mi lọ sí iléèwé kan ní Bọ́lọ́rundúró. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá Ọ̀wẹnà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, owó ọkọ̀ ò ṣeé gbọ́ sétí, ó ń jẹ owó oṣù mi bí ikán. Bàbá àwọn ọmọ wà ní Abuja, ìpè rẹ̀ ti di ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí àgbà fẹ́ ṣe JAMB. Nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n jókòó ná. Èmi náà ń hó, ẹ̀gbọ́n mi, mi ò kàn pariwo ni. Mo sì mọ̀ pé lẹ́yìn mọ́tò, ilé yìí ló kàn. Ẹ ò tíì sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ bí ẹ ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìdí kékeré.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Mi ò tíì dé e lórí, afẹ́fẹ́ ṣì ń yọ pọ́kú-pọ́kú lẹ́nu rédíètọ̀, mo ń fún họ́ọ̀sì òkè kí ó lè jáde tán. Fáànù ti gbé lẹ́ẹ̀kan. Tó bá gbé lẹ́ẹ̀kejì, n ó dé e. Lọ́la kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tó gbóná rárá, n ó ṣí i wò bóyá ó ti fà sílẹ̀, n ó sì bù kún un.

Ẹ má fi owó ránṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ mọ́tò. Ẹ pè mí ni. Tí mo bá gbé e, kí ẹ tó bi mí pé àwọn ọmọ ńkọ́, ẹ sọ ibi tí ọmọrí yẹn wà fún mi.

Èmi àbúrò yín.