Ó Funfun, Kò Tíì Kú

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Orin Dáfídì 104 sọ pé òkun tóbi, ó sì gbòòrò, àwọn ohun alààyè inú rẹ̀ kò sì lóǹkà. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni mo fẹ́ kí a wò lọ́sẹ̀ yìí: iyùn. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sín sọ́rùn ni mo ń sọ, bí kò ṣe ìbátan rẹ̀ tó ń kọ́ òkìtì ńláńlá sábẹ́ omi níbi tí òkun ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó bá rí òkìtì náà á rò pé òkúta lásán ni. Ẹranko ló kọ́ ọ, ẹranko náà sì wà láàyè lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn. Ẹyọ iyùn kan lè má ju mìlímítà díẹ̀ lọ. Ẹnu kan ló ní, àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí ẹnu náà ká. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á na àwọn ọwọ́ wọ̀nyí síta, á máa fi gbá àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí omi ń gbé kọjá mú, á sì kó wọn sẹ́nu. Nísàlẹ̀ ara rẹ̀ ló ti ń mọ egungun funfun líle. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló ń gbé pọ̀ ní ìsomọ́ra, ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń mọ tirẹ̀ lé orí egungun àwọn tó ti lọ. Gbogbo òkìtì iyùn tó wà láyé kò gba tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ abẹ́ òkun, síbẹ̀ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo irú ẹ̀dá inú òkun ló gbára lé e.

Iyùn kò dá gbé. Inú ẹran ara rẹ̀ ni àwọn ewé omi kan ń gbé, wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ayálégbé ni wọ́n, owó ilé wọn kì í sì í wọ́n. Wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, wọ́n sì ń bu fún onílé. Lára ọ̀pọ̀ iyùn, ohun tí wọ́n ń mú wá lè tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá agbára tí iyùn ń lò. Àwọn náà ló ni púpọ̀ nínú àwọ̀ tí a ń rí lára rẹ̀.

Bí omi bá gbóná jù, àárín wọn á dàrú. Ìgbóná náà kò tilẹ̀ ní láti pọ̀. Bí omi bá fi dígírì Celsius kan péré ju bó ṣe máa ń gbóná tó nígbà ooru lọ, tí kò sì tutù fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣẹ́ àwọn ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Irú ọ́síjìn kan tó ń ba ara jẹ́ ni wọn á máa tú sínú ara onílé, onílé á sì lé wọn jáde. Ara iyùn á wá mọ́ gaara, egungun abẹ́ rẹ̀ á sì yọ síta, á funfun báláú. Ẹni tó bá wẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á ní ó ti tán fún un.

Kò tíì tán. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí ibí yìí. Iyùn tó funfun ṣì wà láàyè. Ebi ló ń pa á. Ó ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà mìíràn oṣù díẹ̀, kí àwọn ewé náà tó padà sínú rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ebi á pa á kú. Láàárín àkókò yẹn ni a ń mọ̀ bóyá yóò yè.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni Ẹlẹ́dàá sì fi sí i lára. Irú iyùn kan wà ní Hawaii tó jẹ́ pé bó bá ti funfun, ṣe ló máa ń tẹra mọ́ ọdẹ, á máa jẹ àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ inú omi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí ohun tó ń rí jẹ yóò fi tó gbé e ró. Àwọn mìíràn kì í funfun rárá, ṣe ni wọ́n máa ń tàn yòò: àwọ̀ búlúù, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ìyeyè. Àwọ̀ yìí ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn, kí àwọn ewé lè rí ibi padà sí. Àwọn kan sì máa ń pààrọ̀ ayálégbé pátápátá, wọ́n á gba irú ewé tí ó lè fara da ooru. Àwọn onímọ̀ ti rí i lórí òkìtì iyùn ńlá Ọsirélíà pé ìpààrọ̀ yìí lè fi nǹkan bíi dígírì kan sí kan ààbọ̀ kún ooru tí iyùn lè gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ewé tuntun yìí kì í bu oúnjẹ tó bẹ́ẹ̀ fún onílé, nítorí náà iyùn náà kì í tètè dàgbà mọ́. Ó yè, àmọ́ ó ń san ohun kan fún yíyè rẹ̀. Mo máa ń rántí èyí nígbà tí mo bá gbọ́ tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ nínú ìpọ́njú ìdí tí kò fi tíì padà sí bó ṣe wà.

Àwọn ibì kan wà tí ooru ti mọ́ iyùn lára. Nínú òkun tó wà láàárín Ìráànì àti ilẹ̀ Lárúbáwá, omi máa ń tó dígírì 34 sí 36 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyùn sì wà níbẹ̀. Ní erékùṣù Ofu, ní Samoa ti Amẹ́ríkà, adágún kan wà létí òkun tí omi rẹ̀ ń gbóná gan-an bí òkun bá ti fà sẹ́yìn lọ́sàn-án. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun kan, Steve Palumbi, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iyùn láti ibi tó tutù díẹ̀ wá síbẹ̀. Ní ọdún 2014 ni wọ́n kọ ọ́ pé láàárín ọdún méjì, àwọn tí wọ́n gbé wá ti ń fara da ooru ju bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tún wo ìhà àríwá Òkun Pupa, òkun kan náà tí ìwé Ẹ́kísódù sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn iyùn ibẹ̀ lè gba ooru tó fi dígírì mélòó kan ju ti ẹ̀ẹ̀rùn wọn lọ. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé ẹnu òkun náà ní gúúsù, níbi tí omi ti gbóná jù, ni àwọn baba ńlá wọn gbà wọlé. Èyí tí kò lè gba ooru kò kọjá níbẹ̀.

Àmọ́ erékùṣù Kiritimati ló gbà mí lọ́kàn jù. Àárín òkun Pàsífíìkì ló wà, Kérésìmesì ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ọdún 2015 sí 2016, ooru El Niño, ìyẹn ìgbóná omi Pàsífíìkì tó máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bo omi ibẹ̀ mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá. Iyùn tó kú pọ̀ kọjá sísọ, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tó bo òkìtì náà ló lọ. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà nígbà náà ni pé iyùn tó ti funfun kò lè sọjí àfi tí omi bá tutù. Onímọ̀ nípa ẹ̀dá inú òkun kan, Julia Baum, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti sàmì sí àwọn iyùn kan lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń padà lọ wò wọ́n. Wọ́n bá àwọn kan nínú wọn tí àwọ̀ ti padà sí lára nígbà tí omi ṣì gbóná. Ooru kò tíì lọ, wọ́n ti sọjí. Àwọn ewé tó lè gba ooru ló ti pọ̀ sí i nínú wọn.

Ibo ni wọ́n ti rí wọn? Kì í ṣe ibi gbogbo. Ibi tí ènìyàn kò ti da omi láàmú ni, tó jìnnà sí ìdọ̀tí abúlé. Níbi tí ènìyàn ti ba omi jẹ́ gidigidi, àwọn iyùn ibẹ̀ ti ní ewé tó lè gba ooru lára kí ooru tó dé, wọn kò sì tètè funfun. Ojú wọn le. Ẹni tó bá wò wọ́n lóṣù àkọ́kọ́ á ní àwọn ni yóò yè. Irú iyùn méjì ni wọ́n yẹ̀ wò. Nínú ọ̀kan, àwọn tó kọ́kọ́ dúró gbọn-in yìí kò yè ju àwọn yòókù lọ. Nínú èkejì, àwọn tó yè nínú wọn kéré sí i gan-an.

Ẹ̀yin ará, mo ka èyí, mo sì ronú nípa ìjọ. Ẹni tí kì í sunkún láàárín wa, tó ń ru ẹrù lórí ẹrù, tí a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló kù díẹ̀ fún. Ẹni tó sì ti funfun lójú gbogbo ayé, tí kò lè kọrin mọ́, tí kì í wá sí ìpàdé, ó lè ṣì sọjí bí omi tó yí i ká bá mọ́. Àìsáyà 42:3 sọ nípa ìránṣẹ́ Olúwa pé kì í ṣẹ́ esùsú tó ti fọ́, kì í sì í pa òwú àtùpà tó ń rú èéfín. A kò lè mú ooru kúrò lórí ẹlòmíràn nígbà gbogbo. A kò lè sọ pé kí àìsàn lọ lónìí kó lọ lónìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ìdájọ́, gbèsè tí a ń fi dójú ti ènìyàn, "ìgbàgbọ́ rẹ ló kéré" tí a ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa, ìdọ̀tí tí àwa fúnra wa ń dà sínú omi nìyẹn, a sì lè dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ọjọ́ méje tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é lóore jù.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ mi sódì kó wá sọ pé òkun á bójú tó ara rẹ̀. Agbára iyùn lópin. Àwọn tí mo ní omi dígírì 36 mọ́ lára pàápàá funfun ní ọdún 2017, ọ̀pọ̀ sì kú. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NOAA, àjọ tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, kéde pé fífunfun iyùn ti tún kárí ayé, ẹ̀ẹ̀kẹrin irú rẹ̀ nìyẹn. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kọ ọ́ ní 2018 pé bí ayé bá fi dígírì kan ààbọ̀ gbóná ju bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde lọ, ìdá 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún òkìtì iyùn lè lọ. Bó bá di dígírì méjì, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ni. Epo, gáàsì àti èédú tí ènìyàn ń sun ló ń fa ooru yìí. Jẹ́nẹ́sísì 2:15 sọ ìdí tí Ọlọ́run fi fi ènìyàn sínú ọgbà: kó máa ro ó, kó sì máa tọ́jú rẹ̀. Kò sí ibi tí Ó ti yọ òkun kúrò.

Ní ìpàdé àdúrà ọ̀sẹ̀ yìí, a ó gbàdúrà fún àwọn tó ń tọ́jú òkìtì iyùn káàkiri ayé, àti fún àwọn aláṣẹ tí ọ̀rọ̀ epo àti èédú wà lọ́wọ́ wọn. Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn tí a kò rí mọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn wá, kí wọ́n sì fi orúkọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù láàárín wọn kún un. A ó pín wọn fún ara wa láti bẹ̀ wò. Ẹ má ṣe gbé ìwàásù lọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n nílò, kí ẹ sì mú èsì rẹ̀ wá fún mi kí ọjọ́ Àìkú tó dé.