Ẹ Má Tìtorí Gbàù Da Pẹ́dálì Àwọn Ọmọ Wa Nù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí alàgbà kan tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin kọ sí yín, pé òun ti fòfin de gbogbo pẹ́dálì gìtá (àpótí kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá rẹ̀ padà) tí àwọn ọmọ àdúgbò bá fọwọ́ ara wọn ṣe. Ó ní ìgbà tí àdúrà bá ń lọ lọ́wọ́ gan-an ni onígìtá yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí sípíkà yóò dún gbàù, tí àwọn ìyá àgbà yóò sì ta gìrì. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá fi kún un pé jìbìtì pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí wọ́n bá ṣe ní Múṣin, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi, mo ní kí wọ́n bá mi mú bírò wá.

Iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Súwíìṣì àti rìléè ni mo ń tún ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn ọjà Ojúwoyè ni mo máa ń jókòó sí, níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe pẹ́dálì fún àwọn onígìtá jùjú àti ti ṣọ́ọ̀ṣì. Alábà ni wọ́n ti ń ra èlò. Àpótí irin kékeré tí àwọn oníná fi ń so wáyà mọ́ ara ògiri ni wọ́n ń kó iṣẹ́ náà sí, ọgbọ́n ńlá sì nìyẹn, nítorí irin kì í jẹ́ kí ariwo ìta wọlé bí ike ṣe ń ṣe.

Gbàù yẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé ọmọ tó ṣe pẹ́dálì náà kò mọṣẹ́. Ó ní ohun tó ń fà á, ohun náà ṣeé wá rí, àtúnṣe rẹ̀ kò sì tó owó ẹ̀pà.

Bí onígìtá bá pa pẹ́dálì, súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án tó wà lójú rẹ̀ ń darí ohùn gìtá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá tààrà lọ sí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn ga fún sípíkà. Ṣùgbọ́n inú pẹ́dálì náà kò sùn. Kapasítọ̀ kan, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí ohùn kọjá ṣùgbọ́n tó ń dí iná bátìrì lọ́nà, wà lẹ́nu ibi tí ohùn ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lára iṣẹ́ iná inú pẹ́dálì, níbi tí ìdajì iná 9V sábà máa ń wà, ìyẹn 4.5V. Ẹsẹ̀ kejì ń rọ̀ dirodiro, kò kan ohunkóhun. Kò sì sí kapasítọ̀ tí kì í jò rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni iná ń yọ́ gba inú rẹ̀ wá sí ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ yẹn, bí ìgbà tí ẹnu ẹ̀rọ omi bá ń kán tó, tó, sínú garawa lóru. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àfi ìgbà tí onígìtá bá tẹ súwíìṣì, tó so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ gìtá: gbogbo iná tó ti kó jọ yóò tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, áńpù yóò gbé e, sípíkà yóò kígbe. Bó bá wá jẹ́ pẹ́dálì distortion, tó ń sọ ohùn di ńlá ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, àwọn ìyá àgbà jàre.

Rẹsísítọ̀ 1M ẹyọ kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń dín iná tó ń kọjá kù (M ni mílíọ̀nù óòmù, K ni ẹgbẹ̀rún), láti ẹsẹ̀ tó ń rọ̀ yẹn lọ sí ẹ́ẹ̀tì, ojú ilẹ̀ iná inú pẹ́dálì, ni oògùn rẹ̀. Iná tó bá yọ́ wá, ibẹ̀ ni yóò gbà wọlẹ̀ kó tó di púpọ̀. Kí wọ́n fi òmíràn sí ẹnu ibi tí ohùn ń gbà jáde, nítorí kapasítọ̀ wà níbẹ̀ náà. Bí wọn ò bá rí 1M, 2.2M dára. Kí wọ́n má fi 10K sí i o. Gbàù yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo dídán tó wà lára ohùn okùn tín-ín-rín yóò bá a lọ, bẹ́ẹ̀ dídán yẹn gan-an ni wọ́n ń pè ní gìtá jùjú.

Ojú ló máa ń tan àwọn ọmọ jẹ níbi rẹsísítọ̀ yìí. Àmì ara 1M ni búráùn, dúdú, àwọ̀ ewé. Ti 1K ni búráùn, dúdú, pupa. Bí wọ́n bá ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣiṣẹ́ lálẹ́ nítorí pé wọ́n ti mú iná lọ, àwọ̀ ewé àti pupa tíńtín yẹn kì í rọrùn láti yà sọ́tọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi 1K sí i níṣojú mi. Ó tẹ súwíìṣì, gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ pátápátá. Ó yẹ jáàkì wò, ó pààrọ̀ wáyà, ó gbá áńpù lẹ́yìn. Mo ní, "Ìwọ, gbé mítà." Ó gbé e, ó wọn ọ́n, ó wò mí, ó rọra tan ayọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ nǹkan kan nípa rẹsísítọ̀, ẹsẹ̀ yín tó láti fi ṣe àyẹ̀wò. Ẹ pa pẹ́dálì, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kí áńpù wà ní títàn. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Bó bá dún gbàù, ẹ má dúró, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ léraléra. Bí ariwo náà bá ń rọlẹ̀, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́, tí ẹ tún fi sílẹ̀ díẹ̀, tó sì tún padà sí gbàù ti àkọ́kọ́, iná tó ń kó jọ ni mo sọ yẹn. Bó bá jẹ́ pé bákan náà ló ń dún ní gbogbo ìgbà, kì í ṣe kapasítọ̀. Ẹ wo LED pupa orí rẹ̀, iná tíńtín tó ń fi hàn pé pẹ́dálì ti tàn. Kí ọmọ náà tú ẹsẹ̀ LED kan, kó tún tẹ súwíìṣì. Bí ariwo bá lọ, bí LED náà ṣe ń fa iná yọ lójijì ló fà á. Bí rẹsísítọ̀ 1K bá wà lórí rẹ̀, bíi 7mA ló ń mu; bó bá di 4.7K, kò ní ju bíi 1.5mA lọ, LED òde òní á sì tún tàn dáadáa. Hùù tó ń dún láìdákẹ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ́ẹ̀tì àti ádápítọ̀.

Alàgbà yìí lè ní ṣebí ti ilé iṣẹ́ ńlá kì í dún. Láti 1977 tí Boss ti gbé àwọn pẹ́dálì kékeré wọn jáde ní Japan, ìtẹ̀ ẹsẹ̀ kì í gbé ohùn gìtá rárá nínú ọ̀pọ̀ wọn; ó kàn ń pàṣẹ fún tíránsísítọ̀ inú rẹ̀ ni, tíránsísítọ̀ náà ló ń pààrọ̀ ọ̀nà. Ìdí tó fi ń dákẹ́ nìyẹn. Pẹ́dálì òyìnbó olówó gọbọi tó bá ń lo súwíìṣì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́sàn-án bíi ti àwọn ọmọ wa, tí wọn ò sì fi rẹsísítọ̀ sí, gbàù náà ni yóò dún.

Mi ò sọ pé àwọn ọmọ kò lẹ́bi kankan o. Kí wọ́n yéé yọ kapasítọ̀ kúrò lára rédíò tó ti kú láti ogún ọdún; irú èyí ń jò ju bó ti yẹ lọ. Kí wọ́n sì yéé gbé ayọ́ọ̀nù lé ẹsẹ̀ súwíìṣì pẹ́ títí. Ike inú rẹ̀ ń yọ́, irin inú rẹ̀ kò ní bára mu mọ́, wọn á wá máa pariwo pé ọjà ayédèrú ni wọ́n tà fún wọn ní Alábà.

Alàgbà, bí ẹ bá ń ka èyí, ẹ bá mi rán onígìtá yín wá sí Ojúwoyè. Kó gbé pẹ́dálì tí ẹ fòfin dè wá, kó sì kó gbogbo èyí tó máa ń tò mọ́ ọn dání, nítorí nígbà mìíràn pẹ́dálì tó wà níwájú rẹ̀ ló ń tú iná sí i lára, tí ẹ̀bi á wá já lé aláìṣẹ̀ lórí. Kó mú ádápítọ̀ rẹ̀ náà wá. Ti àwọn ọmọ yìí, nẹ́gátífù ló máa ń wà láàárín ẹnu rẹ̀. Kó má lọ yá tonírédíò, nítorí ó lè jẹ́ pọ́sítífù ló wà láàárín tiyẹn.

Èmi ni,
Bàbá Tẹlifóònù,
Ojúwoyè, Múṣin, Èkó.