Ẹ wo ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù kí ẹ tó pariwo lé rẹfirí lórí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ariwo “ó ti tún un gbá!”, ìyẹn pé agbábọ́ọ̀lù tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́yìn tí gbígbá rẹ̀ ti parí, tí èrò ìwòran básíkẹ́tì máa ń pa mọ́ rẹfirí dùn mí gan-an, torí kì í sábà tọ̀nà. Abala 24 òfin FIBA, àjọ tó ń darí básíkẹ́tì lágbàáyé, ló ṣàlàyé ẹ̀. Bí agbábọ́ọ̀lù bá fi ọwọ́ méjèèjì kan bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí bọ́ọ̀lù sinmi sí i lọ́wọ́, gbígbá mọ́lẹ̀ ti parí nìyẹn.

Ibi tó ń dàrú ni ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá yọ̀ bọ́ bó ṣe ń gbìyànjú láti gbé e. Ó lè sáré lọ mú un, kò lòdì sófin rárá. Ṣùgbọ́n tó bá mú un tán tó tún gbá a mọ́lẹ̀, fèrè gbọ́dọ̀ dún, àfi bí ẹlòmíràn bá ti fara kan bọ́ọ̀lù náà. Ìdí nìyí tí rẹfirí fi ń tẹjú mọ́ ìka agbábọ́ọ̀lù: ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú ni, àbí ó bọ́?

Tó bá ń gbá a lọ, tó wá jù ú gba orí alátakò, bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ tàbí kó kan ẹlòmíràn kí òun tó tún fọwọ́ kàn án. Iye ìṣísẹ̀ tó bá gbé kí bọ́ọ̀lù tó padà sí i lọ́wọ́ kò ṣe nǹkan kan.

Bọ́ọ̀lù tó ta ga ju èjìká lọ náà kì í ṣe ẹ̀sùn. Àtẹ́lẹwọ́ tó wọ abẹ́ bọ́ọ̀lù, tó sì gbà á dúró, ni kí ẹ máa wò.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín