Bàtà àti ẹ̀wù ẹni tó ń sáré ní ìdájí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sì gba àwa òǹkàwé níyànjú pé kí á máa rìn kánmọ́kánmọ́ tàbí kí á máa sáré níwọ̀nba. Ìmọ̀ràn náà dára, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò gba ìmọ̀ràn yẹn lónìí, tí wọn yóò sì pa á tì kí oṣù méjì tó pé. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń fà á. Ohun tí mo ti rí ni pé wọ́n máa ń ná owó wọn sórí ohun tó lè dúró de ọjọ́ iwájú, wọ́n a sì fi ohun tí ẹsẹ̀ àti ẹ̀mí wọn nílò sílẹ̀.

Ọmọ ọdún 54 ni mí, olùkọ́ ni mí, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sáré ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. N kò sáré gba ife ẹ̀yẹ rí, n kò sì yára, nítorí kìlómítà kan ṣoṣo máa ń gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ní ọ̀sẹ̀ tí ara bá gbà mí, mo máa ń sá tó kìlómítà 20, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìṣẹ́jú 160. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tó mọ níwọ̀n fún ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tó le fún ìṣẹ́jú 75 sí 150, nítorí náà ohun tí mò ń ṣe ti tó, kò sì pọ̀ jù. Nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ìṣirò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa ń fi Erédò Ṣùngbọ́ ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn kòtò àti òkìtì amọ̀ àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 160. Bí ẹnì kan bá ń sá kìlómítà 20 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni yóò fi yí i po. Ẹnu máa ń ya àwọn ọmọ náà pé tíṣà wọn lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé òun náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó sáré lẹ́ẹ̀kan, ó ti ra aago ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀ àti ìlù ọkàn, ó ti ra ṣòkòtò afúnmọ́ra méjì, ó sì ti ra fìlà tó bá wọn mu. Bàtà tó wọ̀ jáde ni kánfáàsì kan tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti lò títí tí ìtẹ̀lẹ̀ rẹ̀ fi jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, gìgísẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún débi pé kò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa bí ó bá jí ní òwúrọ̀. Ó pa eré náà tì, ohun tó sì ń sọ fún gbogbo ènìyàn báyìí ni pé eré sísá máa ń ba eegun jẹ́. Ó dùn mí púpọ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dí ẹlòmíràn lọ́wọ́, àti nítorí pé èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá.

Bàtà tí mo fi bẹ̀rẹ̀, òkìrìkà ni. Ẹni tó tà á fún mi ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó ti fi okùn tuntun sí i, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé, “Màmá, bí ẹni wọ tuntun ni.” Mo gbà á gbọ́, nítorí ohun tí ojú mi rí kò yàtọ̀ sí ohun tó sọ. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ojú kọ́ ni a fi ń mọ bàtà eré. Láàárín ìtẹ̀lẹ̀ rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ àti aṣọ tó bo ẹsẹ̀, fóòmù kan wà níbẹ̀ tó kún fún àwọn ihò afẹ́fẹ́ wínníwínní, òun ló sì ń gba ìjì ẹsẹ̀ dúró. Ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bá balẹ̀, agbára tó ń padà lu ẹsẹ̀ náà a máa tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀. Fóòmù a fún pọ̀, a sì tún gbéra. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, kò ní gbéra mọ́, kódà bí aṣọ òkè bàtà ṣì ń dán. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí sábà máa ń sọ pé bàtà eré kan lè sin ènìyàn fún kìlómítà 500 sí 800. Ẹni tó bá ń sá 20 lọ́sẹ̀ yóò lo tirẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 25 sí 40. Ta ló wá lè sọ iye kìlómítà tí ẹsẹ̀ àlejò ti sá nínú òkìrìkà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa? Ooru àti ọjọ́ orí nìkan pàápàá a máa mú fóòmù le, gọ́ọ̀mù tó lẹ ìtẹ̀lẹ̀ mọ́ bàtà a sì máa gbẹ.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jìyà gìgísẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n kọ́ mi láti máa fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, kí n na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn láìgbé gìgísẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kí n sì ka ọgbọ̀n kí n tó pààrọ̀ ẹsẹ̀. Wọ́n tún ní kí n máa yí àtẹ́lẹsẹ̀ lórí ìgò omi dídì ní alaalẹ́. Mo ṣe méjèèjì, mo ra bàtà tuntun, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrìn. Láti ìgbà náà, ìrora yẹn kò padà wá mọ́.

Mo mọ̀ pé bàtà tuntun wọ́n, n kò sì ní ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé òkìrìkà ni apá ká, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó: bí ó bá le bí igi, tàbí tí ìlà ìwunjọ pọ̀ lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì ka orí tábìlì, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀yìn bóyá ọ̀kan ń ṣubú sí ẹ̀gbẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, yálà tuntun tàbí àlòkù, nítorí ẹsẹ̀ a máa wú díẹ̀ bí ọjọ́ bá ti ń lọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè tó fífẹ̀ àtàǹpàkò kan ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù. Èékánná tó ń di dúdú lẹ́sẹ̀ àwọn tó ń sáré, bàtà tó há ló sábà máa ń fà á. Èmi máa ń fi báírò kọ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo bàtà sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀, mo sì ń ṣe àkọsílẹ̀ kìlómítà sínú ìwé kékeré kan nílé, kí n má baà gbàgbé.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé ẹsẹ̀ lásán ni àwọn baba wa fi rìn, àti pé Abebe Bikila ará Ethiopia fi ẹsẹ̀ lásán gba góòlù eré Marathon ní Róòmù ní ọdún 1960. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà ni pé ó wọ bàtà nígbà tó tún gbà á ní Tókíò ní ọdún 1964. Àwọn baba wa pẹ̀lú, orí ilẹ̀ oko ni wọ́n ti bá ẹsẹ̀ lásán dàgbà láti kékeré. Wọn kò jókòó sórí àga ọ́fíìsì fún ogún ọdún kí wọ́n tó bọ́ sórí ọ̀dà. Ẹlòmíràn tún wà tó ra bàtà onírin, èyí tó ní irin ṣóńṣó lábẹ́, fún ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó rí i lẹ́sẹ̀ Tobi Amusan. Kò sí ọmọ Ìjẹ̀bú tí orí rẹ̀ kì í wú nítorí ọmọbìnrin yìí, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó sì fi ìṣẹ́jú àáyá 12.12 fo ọgọ́rùn-ún mítà onígi ní Eugene, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù keje ọdún 2022, tí kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí láyé lọ́jọ́ náà. Orí pápá ìdíje ni bàtà onírin wà fún. Kò lè gba ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ọ̀dà òpópónà Fọlágbádé níbí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí owó lọ sí, tí mo sì kà sí ju aago lọ, ni ẹ̀wù tí ojú ọlọ́kọ̀ lè rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀nà, alùpùpù kan tí kò tan iná fi ọwọ́ ìdarí rẹ̀ gbá mi ní ìgúnpá. Aṣọ dúdú ni mo wọ̀. Apá tí ọkọ̀ ń gbà lọ ni èmi náà ń gbà, nítorí náà ẹ̀yìn mi ló ti wá. Èmi àti ọlọ́kadà náà la jọ ṣubú, Ọlọ́run sì kó wa yọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sáré ní apá òsì ọ̀nà. Láti oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba ti yí ìwakọ̀ orílẹ̀-èdè yìí sí ọwọ́ ọ̀tún, ẹni tó bá gba apá òsì ni yóò máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá bá a, tí yóò sì lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ koríko kí ó tó dé. Mo ra ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ ọsàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú ọ̀nà máa ń wọ̀, èyí tó ní ọ̀já tí í kọ mànà bí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé ni mo ti rí i, kò sì tó ìdá mẹ́wàá owó aago tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, mo máa ń de tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí bí ti ọdẹ, kí n lè rí kòtò, kí àwọn ìyá tó ń gbé ẹrù lọ sí ọjà Òkè-Àjé sì lè rí mi. N kì í fi nǹkan orin dí etí. Etí ni mo fi ń mọ ohun tó wà lẹ́yìn mi.

Ní ti aṣọ, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ìdájí ilẹ̀ wa a máa tutù lára, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa pọ̀ nígbà náà ju ti ọ̀sán lọ, pàápàá ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, òógùn kì í sì í gbẹ. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú a mu òógùn, a wúwo, a sì máa bó ara. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀ dára jù ú lọ. Òrí díẹ̀ láàárín itan àti ní abẹ́ apá a máa dáàbò bo awọ ara. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ má ṣe tijú láti ra kọ́mú eré ìdárayá tó gbé ọyàn dúró gírígírí; mo mọ ju obìnrin mẹ́ta lọ tí ìrora àti ìtìjú mú padà sílé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí wọn kò sì jáde mọ́.

Bí ẹnì kan bá ti ní ìwọ̀nyí tán, tí owó sì kù, kí ó ra aago rẹ̀, n kò bá a jà. Aago a máa dá ènìyàn lẹ́kun bí ó bá fẹ́ sáré ju agbára rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ní oṣù àkọ́kọ́ mi, ìṣẹ́jú kan ni mò ń sá, màá sì rin ìṣẹ́jú méjì.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gbé ẹ̀bẹ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, gbogbo ayé ni ó ń wo bí a ṣe ń ró aṣọ Ojúde Ọba, kò sì sí ẹgbẹ́ tí kì í dá owó aṣọ tirẹ̀ pé kí ọjọ́ náà tó kò. Ọjọ́ orí àwa tí a wà nínú ẹgbẹ́ kan náà súnmọ́ra, ara wa sì ń dàgbà pọ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn díẹ̀ kún owó aṣọ tó ń bọ̀, kí á sì máa jáde pọ̀, nítorí ó ṣòro kí ọlọ́kọ̀ sọ pé òun kò rí ènìyàn mẹ́wàá tó ń kọ mànà. Ẹgbẹ́ obìnrin tí mo wà nínú rẹ̀ ti ra méjìlá. Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀ ni a óò bẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú ọ̀nà, ẹni tí kò bá sì lè sáré yóò rìn ní àárín wa.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan, Ìjẹ̀bú-Òde